Ẹ̀wù Tí Mi Ò Bá Ẹ Fọ̀ Mọ́

Àbíkẹ́yìn mi, ọkọ mi, ṣé dáadáa lo wà? Èmi ìyá ẹ wà pa. Orúnkún mi nìkan ló ń ké bí ilẹ̀kùn tó ti gbó. Ẹ̀gbọ́n ẹ obìnrin ní kí n máa fi òróró pa á, mo ní ṣé èmi náà ti di ilẹ̀kùn ni.

Ọ̀gá ẹ káfíńtà kọ̀wé sí wa pé o jí ẹ̀rọ òun tà, pé o ti wà lẹ́wọ̀n. Mo gbọ́. Èyí tó dùn mí jù ni pé nígbà tí wọ́n béèrè ẹbí ẹ níbẹ̀, o ní o ò lẹ́nì kankan.

Nígbà tó o ń kọ́ṣẹ́, kò sẹ́wù ẹ tí mi ò kọ́kọ́ gbóòórùn ẹ̀ kí n tó fọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ òórùn pákó, mà á dákẹ́. Tó bá jẹ́ ti sìgá, mà á ní, "Ọ̀gá mi, ibo la rè lónìí?" Wàá purọ́ díẹ̀, wàá rẹ́rìn-ín, wàá jẹ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì, wàá tètè wálé.

Nígbà tí mo fi ẹ́ sílẹ̀ wá síbí, mo ní oṣù mẹ́ta ni mà á lò, kí n kàn bá ẹ̀gbọ́n ẹ wẹ ọmọ tuntun. Ọmọ tí mo wá wẹ̀ náà ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ta ló wá ń gbóòórùn ẹ̀wù ẹ látìgbà yẹn?

Ọmọ náà ní omi kán sórí ìwé. Mo ní kó nù ún, kó máa kọ lọ.

Bá mi kí wọ́dà tó ń ṣọ́ yín. Ẹ̀gbọ́n ẹ kí ẹ. Ọmọ yìí náà kí bùọ̀dá ẹ̀ tí kò rí rí. Tí wọ́n bá tún béèrè, jọ̀ọ́, ọkọ mi, sọ pé o ní wa.