Tàkúté Ẹnu Ọ̀pọ̀lọ́

Manigri, ìrọ̀lẹ́ Sátidé

Mo borí Bàbá lónìí! Látìgbà tí mo ti ń kọ́ nípa ọ̀pọ̀lọ́ ní yunifásítì ni wọ́n ti ń bi mí pé, ṣé ọ̀pọ̀lọ́ ni n ó jẹ?

Lónìí, lóko iṣu, wọ́n tẹ ọ̀pá tútù wálẹ̀, wọ́n so okùn mọ́ ọn, wọ́n fi dẹ tàkúté òkété.

"Bàbá, kí ni yóò fa okùn yẹn sókè?"

"Agbára mi ni. Mo ti fi pamọ́ sínú ọ̀pá."

Mo ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iṣan àgbọ̀n ọ̀pọ̀lọ́: á kọ́kọ́ fà le, tí ọ̀pọ̀lọ́ bá tú u sílẹ̀, ẹnu á là wàì, ahọ́n á fò jáde. Mo fi fídíò rẹ̀ hàn wọ́n lórí pọ́tábù, fóònù mi. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n padà sídìí tàkúté wọn.

A délé, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún aládùúgbò wa: "Ọmọ mi rí tàkúté lẹ́nu ọ̀pọ̀lọ́. Tìẹ ńkọ́?"