Ilé Ọ̀rá tí Mo Fi Ń Sá Láfún

Ọjọ́ Ajé, 5 Ṣẹ́rẹ́ 2026
Òjò! Nínú ọyẹ́! Gbogbo láfún tí mo sá sórí àpáta ló rẹ. Ojú ọjọ́ ò ṣeé gbára lé mọ́. Mi ò sì ní fi iná yan án—igi tó kù ní Ìlọ́bù yìí ò tó nǹkan, èéfín a sì máa ba láfún jẹ́. Bí mi ò bá wá ọgbọ́n dá, iṣẹ́ tí ìyá mi fi lé mi lọ́wọ́ parí nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 8
Mo ti dá ọgbọ́n. Ilé ọ̀rá—ọparun ni òpó, ọ̀rá funfun ni òrùlé àti ògiri. Oòrùn á wọlé, òjò ò ní wọlé. Soliu ọkọ mi, tí mo ń pè ní Alágídí, ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyàwó òun ti kọ́lé ṣáájú òun.

Ọjọ́ Ajé, 12
Láfún bu. Gbogbo ẹ̀. Mo dí ibi gbogbo pa, ooru inú ẹ̀ wá di omi, ó ń kán sórí láfún. Mo sunkún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17
Mo rí Màríámọ̀ ará Ìfọ́n lọ́jà Ẹ̀rìn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń ra ẹ̀gẹ́ kí ìjà ilẹ̀ Ìlọ́bù àti Ìfọ́n tó dé. Láti ìgbà náà, kò wá, èmi náà ò lọ. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó gbà mí mọ́ra. Òjò ti ba láfún tirẹ̀ náà jẹ́. Mo ròyìn ilé ọ̀rá fún un. Ó ní: "Wúlẹ̀mọ̀tù, o dé ìkòkò pa, o wá ní kí ohun inú ẹ̀ gbẹ? Dá ihò sí i lókè." Èmi tí mo ti ń se ọbẹ̀ láti kékeré!

Ọjọ́ Àìkú, 18
Alágídí gbọ́. Ó ní kí ló dé tí mo fi ń kọ́ ará Ìfọ́n níṣẹ́ mi? Mo ní Màríámọ̀ ló kọ́ mi. Ilé ẹ̀gbọ́n Alágídí jóná nínú ìjà yẹn. Mi ò lè bínú sí i.

Ọjọ́rú, 28
Mo dá ihò sí ilé ọ̀rá lókè, láfún gbẹ! Ó funfun báláú. Alhamdulillah. Màríámọ̀ náà ti kọ́ tirẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Èrèlé
Ìjì gbé ilé ọ̀rá mi lọ. Láfún tí oníbàárà Òṣogbo ń bọ̀ wá kó ló wà nínú ẹ̀, tútù. Bó bá bu, wọn ò ní padà wá mọ́. Màríámọ̀ pè mí: tirẹ̀ ò wó, kí n máa gbé tèmi bọ̀. Ìfọ́n kẹ̀? Alágídí ń gbọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7
Mo jí, láfún mi ti wà lẹ́yìn ọ̀kadà Alágídí, ó ti so ó mọ́ ọn. Ó ní kí n gùn. Mo rò pé ààlà Ìfọ́n ló máa já mi sí. Kò dúró. Ó gbé mi dé ẹnu ọ̀nà Màríámọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún un.

Ó ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n."