Òkè-Àfọ̀n: Ìlú Tí Wọ́n Ní Kò Séèyàn Níbẹ̀

Ilé Gbàdàmọ́sí,
Ẹ̀yìn Mọ́sáláṣí,
Òkè-Àfọ̀n,
Lọ́nà Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ọjọ́ kọkànlélógún, Oṣù Keje, 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ètò Ilẹ̀ àti Ìletò,
Ìjẹ̀bú-Òde,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ KATAKATA MÁ WỌ ÒKÈ-ÀFỌ̀N LỌ́JỌ́ KẸRÌNLÁ, OṢÙ KẸJỌ

1. Lórúkọ gbogbo ará Òkè-Àfọ̀n ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, àwa tí ìgbìmọ̀ yín kọ ọ́ sílẹ̀ pé a kò sí. Ìwé yín sọ pé ìlú wa ti dahoro, pé ẹ ti fi ilẹ̀ rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ kan tó fẹ́ gbin ọ̀pẹ, àti pé katakata yóò wá wó àwọn ilé tó kù lọ́jọ́ tí mo dárúkọ lókè yìí. Òkú kì í kọ lẹ́tà, Ọ̀gá. Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi.

2. Ẹni tó bá yà kúrò ní títì Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, tó gba ọ̀nà amọ̀ àárín oko kòkó, yóò kan odò Lérè. Afárá onípákó kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀. Ibẹ̀ la ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà la ń gbà jáde. Orí òkè tó wà lódìkejì ni ìlú wa. A ní mọ́sáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, ojúbọ Ògún, àti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Gaàrí la ń ṣe, Ìjẹ̀bú-Òde la ń tà á sí. Bóyá ẹ̀yin gan-an ti mu nínú rẹ̀. N kò ní purọ́ fún yín: ilé tó tì ti pọ̀ ju ilé tó ṣí lọ. Èèyàn díẹ̀ kì í ṣe òfo. Èkó ló kó àwọn ọmọ wa lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ń wálé lọ́dún Iléyá àti Kérésì.

3. Nígbà ogun àtijọ́ làwọn baba ńlá wa sá wá síbí. Ògúndèyí, àgbà tó kó wọn wá, ní kí tọmọdé tàgbà wọlé, kí wọ́n tilẹ̀kùn, kí wọ́n paná, kí ẹnikẹ́ni má fọhùn. Òun nìkan lọ dúró létí odò. Nígbà tí àwọn jagunjagun dé, ó sọ fún wọn pé ìlú ti tú, kò ku ẹnì kankan. Wọ́n gbà á gbọ́, síbẹ̀ wọ́n pa á kí wọ́n tó yí padà. Ibi tó ṣubú sí létí odò náà ni wọ́n sin ín sí. Láti ìgbà náà la ti ń ṣe Ọjọ́ Ìdákẹ́ lọ́dọọdún: láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀kùn títì, kò síná, kò sóhùn. Mùsùlùmí, onígbàgbọ́, abọ̀rìṣà, gbogbo wa la ń pa á mọ́.

4. Ọjọ́ Ìdákẹ́ gan-an làwọn òṣìṣẹ́ yín wá lọ́dún tó kọjá. Mo jókòó sórí ẹní nínú yàrá mi, mo ń gbọ́ ìró bàtà wọn. Mo tún ń gbọ́ ohùn arúgbó kan tó ń mú wọn kiri, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan ló ń dúró sí. Nígbà tó kan tèmi, ó ní: "Kò séèyàn níbí mọ́. Ẹ máa lọ." Gbogbo arúgbó tí a ní ló wà nínú ilé lọ́jọ́ náà. Mo ti bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan.

5. Mo wá sí ọ́fíìsì yín, mo sì rí Ọ̀gbẹ́ni Dàpọ̀ Ọláyẹmí tó ṣáájú àwọn òṣìṣẹ́ náà. Ọmọlúàbí ni, kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi. Ó ní etí odò ni bàbá náà ti pàdé wọn, pé òjò ń rọ̀ ṣùgbọ́n aṣọ rẹ̀ gbẹ. Ó ní òun bi bàbá náà pé níbo ló ń gbé, ó sì fọwọ́ tọ́ka sí ilẹ̀ tó dúró lé. Ọ̀gbẹ́ni Ọláyẹmí rò pé àwàdà ni. Èmi mọ ẹni tí wọ́n sin síbẹ̀. Mo gbé omi tó fún mi kalẹ̀, mo sì dìde lọ sílé.

6. N kò bínú sí bàbá wa. Iṣẹ́ tó mọ̀ ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹjọ, tí ẹ mú fún katakata, òun ni Ọjọ́ Ìdákẹ́ tọdún yìí. A ó wà nínú ilé, a kò ní fọhùn. Àwọn awakọ̀ yín yóò bá ẹnì kan létí odò, yóò sọ fún wọn pé kò séèyàn, wọn yóò sì wó ilé lé wa lórí.

7. Mo sọ nípàdé ìlú pé ká fọhùn lọ́dún yìí. Wọn kò gbà. Gbogbo wa la rántí Ràsákì tó ń tún ọ̀kadà ṣe. Ìyàwó rẹ̀ sọ pé Ọjọ́ Ìdákẹ́ kan ni ẹnì kan pè é láti ìta, ó sì dáhùn, ó jáde. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, bàtà rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. A kò tíì rí i títí di òní.

8. Mo bẹ̀ yín, ẹ yí ọjọ́ náà padà, kí ẹ sì rán èèyàn sí wa kó tó pé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n bá wa jẹun, kí wọ́n bọ̀ wá lọ́wọ́. Bí arúgbó kan bá pàdé wọn létí odò, kí wọ́n kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí wọ́n sì kọjá.

9. Bí n kò bá rí èsì yín, èmi ni mo máa ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ náà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Màá jáde síwájú katakata, màá sì pariwo pé a wà níbí. Àwọn awakọ̀ yín yóò gbọ́. Bàbá wa náà yóò gbọ́. Ọmọ-ọmọ mi méjì ló ń gbé lọ́dọ̀ mi, Ọ̀gá, n kò fẹ́ lọ bíi ti Ràsákì.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dópin.

Èmi ni tiyín, láti Òkè-Àfọ̀n,

Fàtímọ̀ Gbàdàmọ́sí,
Akọ̀wé, Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè Òkè-Àfọ̀n.