Àwọsánmà tó bo Ìyá mi lójú ọ̀nà

Ìkàrẹ́, Ọjọ́bọ̀, oṣù Ẹrẹ̀nà, 1921

Ọlọ́run, mo dúpẹ́. Ìyá mi wà láyé.

Èmi àti Sùlè, àbúrò mi, la fi ẹní àti ọ̀pá gbé e láti Ọ̀kà wá sọ́dọ̀ oníṣègùn eegun níbí láàárọ̀, nítorí eegun itan rẹ̀ tó ṣẹ́ lóko. Ibà ti wà lára rẹ̀. Oòrùn orí àpáta tó wà lójú ọ̀nà ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí kò sí igi kankan níbẹ̀.

Bí a ṣe débẹ̀ ni àwọsánmà bo oòrùn. Àpáta tó máa ń jó ni lẹ́sẹ̀ wá tutù.

Sùlè wòkè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, òjò yìí ò ní rọ̀ o."

Ìyá dáhùn láti orí ẹní pé, "Ṣé òjò nìkan lẹ ń wò ni? Ibòòji yìí tó mi."

Òótọ́ ni, kì í ṣe òjò nìkan ni àwọsánmà wà fún. Nígbà ọyẹ́ pàápàá, bí ojú ọ̀run bá mọ́, òtútù òru a máa mú ni gan-an. Bí àwọsánmà bá bò ó, òtútù a rọlẹ̀. Mi ò dúpẹ́ ìyẹn rí.

Oníṣègùn eegun ti di itan náà, ó ní Ìyá yóò tún rìn. Ìyá tọ́ ọbẹ̀ wò, ó bínú pé kò níyọ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú mi.