Ohùn Bàbá Rẹ Tó Wà Lọ́wọ́ Ìjọba

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àtẹ̀gùn gíga tí o ní ò ń gùn lójoojúmọ́ kí o tó dé ìdí tábìlì rẹ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ, kí àwọn tó ń bá ọ jẹun má jẹ́ àwọn tó ń wo àwo rẹ. Àmín. Ara mi le, àfi orúnkún òsì. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn ń jò, káfíńtà ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, n kò sì mọ Ajé wo ni ó ní lọ́kàn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí o. Oṣù kẹta rèé tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà, èmi ni ẹni tuntun jù níbẹ̀. Ẹ̀bá fèrèsé ni mo ń jókòó sí, torí àwọn yòókù ti mọ ara wọn, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín, ojú sì ń tì mí láti dá sí i. Mò ń wò wọ́n ni. Télọ̀ tó ní òun mọ̀wé jù, inú ìwé ìyá oníbúrẹ́dì ló ti ń wo gbogbo ìdáhùn rẹ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí. Lẹ́tà ọ́fíìsì yín ti dé ọwọ́ mi pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. Wọ́n ní nínú ilé tí ẹ ń kó ohùn àwọn olórí àtijọ́ pa mọ́ sí, níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa àjọṣe orílẹ̀-èdè wa pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè, ẹ rí ohùn bàbá rẹ, nígbà tó jẹ́ ògbufọ̀ fún olórí ìjọba. Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́, níbikíbi láyé, lè máa gbọ́ ọ. Ọmọ mi, ta ni ẹnikẹ́ni yẹn? Kí ló fẹ́ fi ohùn ọkọ ọlọ́kọ ṣe? Kí ló dé tó jẹ́ ibi mẹ́ta ni mo máa fọwọ́ sí? Wọ́n tún ní àwọn kò ní gba owó kankan lọ́wọ́ mi. Ibẹ̀ gan-an ni ara ti fu mí.

Èyí tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù dé. Mo tẹ̀ ẹ́ bí o ṣe kọ́ mi, bàbá rẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láàárín yàrá, ọdún kẹfà tí a ti sin ín. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo ní, "Pẹ̀lẹ́." Àárín ọ̀rọ̀ ni fóònù dún, télọ̀ ló ń pè nípa ìwé tí mo yá a. Mo ní kó ní sùúrù, bàbá àwọn ọmọ ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí òun àti ará ilé kejì fi dé ẹnu ọ̀nà mi, wọ́n ń wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ń bi mí bóyá mo ti jẹun.

Olórí ni mo kọ́kọ́ gbọ́ yé, nítorí èdè wa ló ń sọ. Ó ní, "Sọ fún ọlọ́rùn pẹ́pẹ́yẹ yìí pé tó bá tún fẹsẹ̀ tẹ ọ́fíìsì mi nítorí ọ̀rọ̀ afárá yẹn, ìgbálẹ̀ ni wọ́n máa fi gbá a jáde." Bàbá rẹ wá sọ ọ́ lédè àlejò ilẹ̀ òkèèrè tó fẹ́ wá kọ́ afárá fún wa. Mo gbé e lọ bá tíṣà wa pé kó túmọ̀ ìyẹn fún mi. Ó ní ohun tí bàbá rẹ sọ ni pé, "Olórí wa ní inú òun dùn láti rí yín, ọ̀rọ̀ afárá náà jẹ òun lọ́kàn, ẹ ṣáà fún òun láàyè díẹ̀ sí i." Mo ní irọ́ ni. Àlejò náà fèsì pé ọ̀lẹ ni gbogbo wa, bàbá rẹ sì sọ fún olórí pé, "Ó ní ẹ kú iṣẹ́ takuntakun." Àwọn méjèèjì wá bú sẹ́rìn-ín. N kò gba tíṣà gbọ́, ògbufọ̀ lòun náà. Mo gbé fóònù lọ bá nọ́ọ̀sì tó kàwé lókè òkun, n kò sọ ohun tí tíṣà sọ fún un. Bákan náà ló túmọ̀ rẹ̀.

Ọmọ mi, wọ́n kọ́ afárá yẹn. Ọkọ̀ ń gba orí rẹ̀ di òní. Tí àwọn ará ibẹ̀ bá wá gbọ́ pé pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n pe ẹni wọn, ṣé wọn kò ní wá ká afárá wọn lọ? Bí wọ́n bá sì béèrè ògbufọ̀ náà tí wọn kò rí i, ta ni wọ́n máa mú bí kò ṣe ọmọ rẹ̀ tó jókòó ti àwọn ohùn náà?

Èyí tó gba oorun lójú mi tún wà níbẹ̀. O mọ̀ pé èmi àti ìyá bàbá rẹ kì í yọjú síra wa, bàbá rẹ ló ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín wa. Ọdún méjìlélógún ni mo fi ń sọ pé, "Lọ sọ fún ìyá rẹ kó gbájú mọ́ ilé ara rẹ̀," tí òun á sì padà dé pé, "Ìyá ní o ṣeun, kí o máa sinmi." Mo máa ń rò ó nígbà náà pé obìnrin yìí mà ní sùúrù. Nígbà tó kú, mo sunkún bí ẹni pé òun ló bí mi. Ẹkún yẹn, n kò mọ ẹni tí mo sun ún fún mọ́. Inú bí mi sí bàbá rẹ títí ilẹ̀ fi mọ́, mo sì tún tẹ ohùn rẹ̀ láàárọ̀.

Mo ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ibi tí wọ́n ti béèrè ààlà tí mo fẹ́ fi sí i, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ ohun tí ọkọ mi sọ. Ohun tí olórí sọ, ẹ tì í mọ́lé títí afárá yẹn yóò fi gbó." Tí wọn kò bá gbà, kí wọ́n dá ìwé mi padà.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, àlọ àti àbọ̀, kí n wá jókòó gbọ́ ìyókù. Kí o fi ti káfíńtà náà kún un. Má jẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ ọ jù kí n tó dé, kí ohùn náà má bàa ṣá. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ẹnu rẹ àti etí rẹ níbi iṣẹ́ yẹn, kí iwájú rẹ dára ju ẹ̀yìn lọ. Ọ̀gá rẹ tó kọ lẹ́tà sí mi, ojú olè ni mo rí nínú ìwé rẹ̀. Tó bá béèrè ohun tí mo sọ, sọ fún un pé ìyá rẹ ní ó kú iṣẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ.