Dókítà Gbà Pé Ara Ọkọ Mi Le, Àfìgbà Tí Mo Ya Fídíò

Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o... mo ti ya fídíò ọkọ mi láìjẹ́ kó mọ̀, mo sì ti fi han dókítà rẹ̀. Snellville níbí, ní Amẹ́ríkà, là ń gbé. Ẹni tó bá dá mi mọ̀, kó jọ̀ọ́ ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí.

Warehouse ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó bàjẹ́. Ẹrù ló gbé lọ́jọ́ kan, látìgbà náà kò lè jókòó pẹ́, kò lè dúró pẹ́, ẹsẹ̀ òsì á kàn kú... èmi ni mo máa ń wọ sọ́ọ̀kì fún un kí n tó lọ sí shift mi. A béèrè fún disability, owó tí ìjọba ń san fún ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n ní rárá. Ẹ mọ ìdí ẹ̀? Gbogbo ìgbà tí dókítà bá bi í pé báwo lara, ọkọ mi á rẹ́rìn-ín, á ní "I'm fine, doctor, we thank God." Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí a ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, bí èèyàn tiẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn, a dúpẹ́ náà ni. Ṣùgbọ́n òyìnbó ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà bó ṣe gbọ́ ọ! Fine, fine, fine... Nígbà tí lọ́yà tí a gbà láti bá wa pe appeal, kí wọ́n lè tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, kà á sí wa létí, mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni àbí kí n sunkún. Ó ní bí appeal yìí bá máa yọrí sí rere, àfi kí dókítà kọ ohun tí ọkọ mi ò lè ṣe mọ́ gan-an. Mo bẹ ọkọ mi títí. Mo ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó ní òun ò ní fi ẹnu òun pe àìsàn mọ́ra, pé kí ni òun fẹ́ sọ fún àwọn tó ń gbàdúrà fún òun ní ṣọ́ọ̀ṣì? Inú bí mi gan-an. Olórí kunkun ni, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́.

Lọ́jọ́ kan wọ́n tètè dá wa sílẹ̀ níbi iṣẹ́. Mo ṣílẹ̀kùn, kò gbọ́. Ọkọ mi ń rá gun àtẹ̀gùn ilé wa, lórí ọwọ́ àti orúnkún, ó dúró láàárín, ó gbé iwájú orí lé igi àtẹ̀gùn... ó ń mí hẹlẹ. Kí ni èmi aya rere ṣe? Mo yọ fóònù. Mo yà á tán, mo rọra padà síta, mo sunkún nínú mọ́tò, mo wá wọlé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mi ò gbé e dìde... ṣé ẹ gbọ́? Mi ò gbé e dìde.

Dókítà wo fídíò náà tán. Ó pe ọkọ mi padà, ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó ní kó tẹ̀ síwá sẹ́yìn, ó ya àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Inú ọkọ mi dùn, ó ní Ọlọ́run ló la dókítà lójú. Ó tiẹ̀ ti jẹ́rìí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì! Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Àmọ́ dókítà dárúkọ fídíò yẹn nínú ohun tó kọ. Lọ́yà ní ọkọ mi gbọ́dọ̀ kà á kí ọjọ́ hearing tó pé, torí adájọ́ máa bi ọkọ mi fúnra rẹ̀ léèrè. Bó bá tún ní ara òun le níbẹ̀, ó parí nìyẹn, iṣẹ́ tèmi nìkan ò sì lè gbé ilé yìí mọ́. Bí mo bá sọ fún un ńkọ́? Ọkọ mi ò ní pariwo, ó máa dákẹ́ ni, ìyẹn gan-an ni mò ń bẹ̀rù. Ṣé kí n jẹ́ kí lọ́yà sọ ọ́? Ṣé kí n ní kí pásítọ̀ bá mi dá sí i? Ẹ má kàn ní kí n gbàdúrà, mo ti ń gbà á. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ kọ́ mi... báwo ni obìnrin ṣe ń sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun rí i nílẹ̀, òun sì yí padà?