Hephzibah Ti Balẹ̀ ní Amẹ́ríkà

Màmá,

Ẹ dákẹ́ ẹkún, Hephzibah ọmọ-ọmọ yín ti balẹ̀! Ó pè ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀ yìí. Mo wá yín dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ẹ ti bá Wòlíì lọ gbàdúrà létí odò. Ẹ sì gbàgbé fóònù yín sórí ibùsùn.

Ẹ má bínú, èmi ni mo kó ìpayà bá yín. Mo rí i lára tíkẹ́ẹ̀tì pé ọkọ̀ òfuurufú á gbéra láago mọ́kànlá alẹ́, á balẹ̀ láago márùn-ún ìdájí, mo bá sọ fún yín pé wákàtí mẹ́fà ni. N kò mọ̀ pé ti ìbalẹ̀ yẹn, aago Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ, tó fi wákàtí mẹ́fà wà lẹ́yìn tiwa. Wákàtí méjìlá gbáko lọmọ yín fi wà lójú òfuurufú.

Ọmọ tí wọ́n lé kúrò ní kíláàsì ní tẹ́ẹ̀mù kejì ọdún 2003 torí pé kò ní bàtà! Ìyá Ṣèyí aládùúgbò wa tó ní, "Ìkòtún lẹsẹ̀ ilé yìí mọ," ẹ bá mi kí i dáadáa.

Mo ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wà nínú kúlà. Ẹ ṣínu. Mo sọ fún Hephzibah pé ẹ ní omi kò ní kan ọ̀fun yín títí òun á fi dé. Ó ní, "Dádì, èmi náà ò ní jẹun o, títí Màmá á fi pè mí pé àwọn ti jẹ."

Ẹ tètè jẹun, kí ebi má pa ọmọ yín nílùú onílùú.

Zacchaeus